Ṣé a lè pa abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹwàá àti ti ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá pọ̀ fún ọmọ lọ́jọ́ kan náà?

Ìyá Àdùkẹ́, Tánkẹ̀, Ìlọrin

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọmọbìnrin mi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá lọ́jọ́ Ajé tó kọjá. Ó gba abẹ́rẹ́ ọjọ́ ìbí, ó sì gba ti ọ̀sẹ̀ kẹfà, ṣùgbọ́n nígbà tí ti ọ̀sẹ̀ kẹwàá tó, Òmù-Àrán la wà, níbi tí bàbá ọkọ mi ti ń ṣàìsàn, a kò sì tètè padà wá sílé. Nígbà tí mo gbé e lọ sí ibùdó ìlera, mo bẹ nọ́ọ̀sì pé kí ó kúkú fún un ní ti ọ̀sẹ̀ kẹwàá àti ti ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá pa pọ̀, nítorí pé ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá náà ti dé tán. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó fún un ní ti ọ̀sẹ̀ kẹwàá nìkan, ó sì kọ ọjọ́ mìíràn sórí káàdì, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko sí ọjọ́ náà. Èrò pọ̀ níbẹ̀ débi pé n kò ráyè bi í léèrè ìdí rẹ̀.

Ìyá mi ní tiwọn sọ pé abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ti ṣá lára ọmọ, pé kí n lọ bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ lákọ̀tun. Ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Àjàsẹ́-Ìpo

Ìyá Àdùkẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹnu iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìn tì, ìbéèrè yín yìí sì wà lára èyí tí àwọn ìyá máa ń bi wá jù lọ. Ohun tó tọ́ ni nọ́ọ̀sì yẹn ṣe, abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kò sì ṣá. Ẹ kò ní bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun lákọ̀tun. Èyí tí ọmọ bá ti gbà, ó ti gbà á nìyẹn. Ibi tí ó dúró dé ni a ó ti máa bá a lọ, ìbáà jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi pẹ́ tàbí oṣù mẹ́ta.

Ẹ wo penta, tó ń dènà àrùn márùn-ún pa pọ̀: gbọ̀fungbọ̀fun tí í dí ọmọ lọ́fun, tẹ́tánọ́ọ̀sì, ikọ́ líle tí kì í jẹ́ kí ọmọ rí èémí mí, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ oríṣi B, àti kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Hib, èyí tó ń fa yírùnyírùn àti òtútù àyà. Nígbà tí ara ọmọ bá kọ́kọ́ pàdé abẹ́rẹ́ yìí, ńṣe ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí yóò ṣe dá àwọn àrùn wọ̀nyí mọ̀ àti bí yóò ṣe bá wọn jà, ẹ̀kọ́ náà sì ń gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ó tó jinlẹ̀. Bí ìkejì bá dé kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó pé, ara kò tíì ṣe tán láti jẹ àǹfààní rẹ̀ bó ṣe yẹ, a kò sì ní lè ka irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ èyí tí ọmọ gbà. Ṣùgbọ́n bí ìkejì bá pẹ́, ara kò gbàgbé ti àkọ́kọ́. Ìkánjú ló ń ba iṣẹ́ abẹ́rẹ́ jẹ́. Ìpẹ́ kì í bà á jẹ́. Ààbò ọmọ ni ìpẹ́ ń bà jẹ́, nítorí pé ní gbogbo ìgbà tí ó fi ń dúró de èyí tó kù, àrùn kò dúró dè é.

Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé ìpẹ́ kò ba abẹ́rẹ́ jẹ́, kí ó wá fọwọ́ lẹ́rán. Ikọ́ líle yẹn, oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ láyé ọmọ ló ti ń pa ọmọ jù lọ. Ọmọ oṣù méjì kò ní agbára tí yóò fi wú u jáde. Yóò máa wúkọ́ títí ojú rẹ̀ yóò fi yí padà, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ ní wúkọ́ rárá, èémí rẹ̀ yóò kàn dá. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ń ṣe díẹ̀, ìkejì àti ìkẹta ló ń mú kí ààbò náà múlẹ̀. Àwọn tó to ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá tẹ̀ lé ara wọn fẹ́ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lára ọmọ kí ó tó pé oṣù mẹ́rin. Wọ́n yára dé ibi tí ara ọmọ lè yára dé, wọn kò sì yára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ tiyín yóò gba ìkẹta nígbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́tàdínlógún. Abẹ́rẹ́ èéyi ti oṣù kẹsàn-án kò ní yẹ̀ lórí èyí. Ọjọ́ rẹ̀ dúró síbi tó wà.

Bàbá Ìbejì, Ọ̀ffà

Ẹ ṣeun, màmá. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé àwọn ìbejì mi kò pé oṣù mẹ́sàn-án nínú kí wọ́n tó bí wọn. Wọ́n kéré púpọ̀. Ẹnì kan ní kí n má ka ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti ọjọ́ tí wọ́n dáyé, pé láti ọjọ́ tí ó yẹ kí wọ́n bí wọn ni kí n ti máa kà á. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Èkejì ni pé àbúrò mi tó ń gbé ní ìlú Òyìnbó sọ pé ọdún kan ni wọ́n ti ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ èéyi lọ́dọ̀ wọn. Lọ́dọ̀ wa, oṣù kẹsàn-án ni. Èwo ló tọ̀nà nínú méjèèjì? Bí ó bá sì jẹ́ pé èéyi burú tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn kì í fún ọmọ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, bí wọ́n ṣe ń fún un ní BCG, abẹ́rẹ́ tó ń dènà ikọ́ ẹ̀gbẹ?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Àjàsẹ́-Ìpo

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó ìbejì. Ọjọ́ tí wọ́n dáyé ni kí ẹ ti máa kà á. Ọmọ tí kò pé oṣù ni àrùn tètè ń wọ̀ lára, òun gan-an ni kò sì yẹ kí á dá abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró. Bí wọ́n bá ṣì wà nílé ìwòsàn nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, kí ẹ sọ ọ́ létí àwọn dókítà tó ń tọ́jú wọn.

Ìbéèrè yín lórí èéyi, tí a ń pè ní measles lẹ́nu iṣẹ́, jinlẹ̀ gan-an. Nígbà tí ọmọ wà nínú, ìyá a máa fún un nínú èròjà ààbò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Oúnjẹ tí ìyá dì fún ọmọ tó ń rìnrìn-àjò ni kí ẹ pè é: ó ń gbé e dé ibì kan, yóò sì tán. Nígbà tí ààbò ìyá yìí ṣì pọ̀ lára ọmọ, ó ń ṣe é láǹfààní, ṣùgbọ́n kòkòrò tí a ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú abẹ́rẹ́ èéyi, kòkòrò náà sì gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i díẹ̀ lára ọmọ kí ara tó lè kọ́ ẹ̀kọ́. Bí a bá fún un lọ́jọ́ ìbí, ààbò ìyá yóò pa kòkòrò abẹ́rẹ́ náà kí ara ọmọ tó mọ̀ ọ́n. Asán ni yóò já sí. BCG kò ní irú ìṣòro yìí, ìyẹn ni a fi lè fún un lọ́jọ́ tí wọ́n bí i.

Bí a bá sì dúró títí ààbò ìyá yóò fi tán pátápátá, abẹ́rẹ́ yóò ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n èéyi lè ti dé ṣáájú rẹ̀. Nínú ọmọ 100 tó gbà á ní oṣù kẹsàn-án, bí 85 ni ara wọn ń gbà á. Bí ó bá jẹ́ ọdún kan, nǹkan bí 95 ni. Ibi tí èéyi kò ti wọ́pọ̀, òbí lè fi ọkàn balẹ̀ dúró de ọdún kan nítorí àfikún yẹn. Lọ́dọ̀ wa, níbi tí ó ti máa ń jà lọ́dọọdún nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí ẹni kan ṣoṣo tó ní i sì lè kó o ran ènìyàn 12 sí 18 tí kò ní ààbò, oṣù mẹ́ta tí a bá fi dúró ti pọ̀ jù. Ètò méjèèjì tọ̀nà, ibi tí kálukú wà ló yàtọ̀.

Àwọn 15 tó kù nínú 100 ńkọ́? Nítorí wọn ni a ṣe ní kí gbogbo ọmọ padà wá gba ìkejì ní oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún. A kò lè fi ojú mọ èyí tí ara rẹ̀ gbà á àti èyí tí kò gbà á, nítorí náà gbogbo wọn ni yóò wá. Ó ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ ìyá ló gbà pé káàdì ti parí ní oṣù kẹsàn-án. Ọmọ ti ń rìn nígbà náà, ìyá ti padà sọ́jà, kò sí ẹni tó tún rántí. Nígbà tí èéyi bá jà, a máa ń rí ọmọ tó ti gba ẹyọ kan nínú àwọn tó mú, àwọn aládùúgbò yóò sì máa sọ pé abẹ́rẹ́ kò ṣiṣẹ́.

Bí èéyi bá ti ń jà ní àdúgbò, wọ́n lè fún ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà. A kì í ka ìyẹn mọ́ méjì tó yẹ kó gbà. Yóò ṣì gba ti oṣù kẹsàn-án àti ti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún.

Ìyá Àgbà, Ìgbàjà

Mo ti ka ohun tí ẹ kọ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì wa. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Àgbo ni wọ́n fi tọ́ àwa dàgbà, àgbo ni èmi náà fi tọ́ àwọn ọmọ mi àkọ́kọ́, wọ́n sì wà láàyè. Lóde òní, abẹ́rẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n ń gún ìkókó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ara rẹ̀ yóò gbóná mọ́jú, ìyá kò ní sùn. Ṣé kò ní ṣàǹfààní kí wọ́n fi í sílẹ̀ títí yóò fi lágbára díẹ̀, bóyá tó bá ti lè jókòó?

Àáfà kan ní Pákàtà, Ìlọrin

Àsàláàmù àlékúmù, ìyá wa. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi ń fèsì. Àwa tó yè là ń sọ pé àgbo tó wa. Àwọn tí èéyi àti ikọ́ líle pa kò sí níhìn-ín láti sọ tiwọn. Ẹ rántí orúkọ tí àwọn ìyá wa ń sọ ọmọ láyé ijọ́un: Málọmọ́, Dúrótimí, Kòsọ́kọ́. Ẹni tó bá sọ ọmọ rẹ̀ ní Kòsọ́kọ́ ti sin ọmọ mélòó kan kó tó dé ibẹ̀. N kò sọ pé abẹ́rẹ́ ni ìwòsàn gbogbo ohun tó ń pa wọ́n, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ ni a ti mọ orúkọ rẹ̀ báyìí, ó sì wà lórí káàdì ọmọ yín.

Ohun tó mú mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí ni abẹ́rẹ́ ọjọ́ ìbí. Nílé wa ní Ìlọrin, ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́mọ tuntun kì í jáde títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé. Ogójì ọjọ́ àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu, nítorí náà àṣà wa kò ṣe ìdíwọ́ fún penta àkọ́kọ́ rárá. Ìjáde tí ìyá bá kọ́kọ́ jáde lè jẹ́ sí ibùdó ìlera. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ oríṣi B kò lè dúró de ogójì. Láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bí ọmọ ni wọ́n ní kí ó gbà á. Ìgbà ìbímọ ni àrùn náà máa ń ti ara ìyá bọ́ sí ara ọmọ, ọ̀pọ̀ ìyá tó ní i kò sì mọ̀, nítorí pé kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Àgbàlagbà tó bá kó o, ara rẹ̀ sábà máa ń lé e lọ. Nínú ọmọ mẹ́wàá tó bá kó o lọ́jọ́ ìbí, bí mẹ́sàn-án ni yóò máa gbé e kiri títí ọjọ́ alẹ́, òun ló sì ń di ẹ̀dọ̀ tó gan tàbí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ nígbà tí ọmọ bá di géńdé.

Àbá mi ni pé kí bàbá ọmọ, tàbí ìyá ọkọ, gbé ọmọ tí wọ́n bá bí sílé lọ gba tirẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Kò di dandan kí ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tẹ̀ lé wọn. Àwa tí wọ́n ń pè síbi ìsọmọlórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ náà lè béèrè káàdì ọmọ kí á tó ṣe àdúà. Èmi ti ń béèrè rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ń wò mí bákan, àmọ́ ní báyìí wọ́n máa ń ti mú un sílẹ̀ dè mí.

Lórí àhesọ pé abẹ́rẹ́ ń sọ ọmọ di àgàn, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ní ọdún 2003, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Òkè Ọya, Kano wà lára wọn, dá ẹ̀kán rọpárọsẹ̀, àjẹsára tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu, dúró nítorí àhesọ yẹn, àrùn náà sì gba ibẹ̀ tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n tó lè kéde pé rọpárọsẹ̀ àdámọ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà. Àwọn ọmọ tó gba ẹ̀kán náà nígbà èwe ti ń bímọ báyìí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Àjàsẹ́-Ìpo

Ọlọ́run yóò san án fún yín, Àáfà. Ìyá wa ní Ìgbàjà, ara gbígbóná lẹ́yìn penta wọ́pọ̀, ọjọ́ kan tàbí méjì ló sì máa ń lò. Ẹ máa fún un lọ́mú dáadáa, ẹ sì bi nọ́ọ̀sì léèrè ìwọ̀n parasítámọ̀ tó bá ìwọ̀n ara ọmọ mu. Ẹ má fi omi gbígbóná tẹ ojú abẹ́rẹ́, ẹ má sì wọ́ ọ. Ojú BCG ní apá òsì yóò wú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, yóò di egbò kékeré, yóò sì san fúnra rẹ̀; kò nílò àdín.

Ẹ bi wá bóyá kí á dúró títí ọmọ yóò fi lè jókòó. Ọmọ tó ti lè jókòó ti lo oṣù mẹ́fà, mo sì ti sọ ìgbà tí ikọ́ líle ń pa ọmọ. Kí á tó dúró dé ibẹ̀, ewu tó tóbi jù ti kọjá lórí rẹ̀ láìní ààbò.

Ìyá Oníṣòwò, Òde Òmù-Àrán

Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí láyè kí n sọ ohun tó ń bí mi nínú. Ọjọ́ gan-an tí wọ́n kọ sórí káàdì ni mo gbé ọmọ oṣù mẹ́sàn-án lọ, mo ti ti ilé ìtajà mi. Wọ́n ní ọmọ méjì péré ló wá fún èéyi, pé kí n padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Penta wà fún àwọn tó wá gba penta. Kí ló dé tí ti èéyi kò sí? Bí ọjọ́ bá ṣe pàtàkì tó bí ẹ ṣe ń sọ yìí, ṣé àwa ìyá nìkan ni ó pọn dandan fún ni?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Àjàsẹ́-Ìpo

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Ẹ̀sùn yín fẹsẹ̀ múlẹ̀, n kò ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tábìlì kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ó sọ nígbà mìíràn.

Olómi ni penta láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é; bí a bá ṣí ìgò rẹ̀ tí a sì tọ́jú rẹ̀ sínú òtútù bó ṣe yẹ, a lè lò ó títí di ọjọ́ 28. Èéyi, BCG àti ibà pọ́njú kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tù gbígbẹ ni wọ́n wà nínú ìgò kékeré, a ó fi omi tirẹ̀ pò ó lójú ẹsẹ̀, láti ìgbà tí a bá sì ti pò ó, wákàtí mẹ́fà péré ló ní. Èyí tó bá ṣẹ́ kù di dídànù, nítorí pé kòkòrò mìíràn lè hù nínú rẹ̀, ó sì lè pa ọmọ. Ọmọ mẹ́wàá ni ìgò èéyi wà fún, ìgò BCG sì jẹ́ ti ogún ọmọ. Òṣìṣẹ́ tó bá ṣí i fún ọmọ méjì yóò da ti mẹ́jọ nù, yóò sì ṣàlàyé fún ọ̀gá rẹ̀. Ìbẹ̀rù yẹn ló ń mú wọn sọ pé kí ẹ padà wá.

Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gba àwọn òṣìṣẹ́ níyànjú pé kí wọ́n ṣí i kódà bí ọmọ kan ṣoṣo ló wá. Ìgò tí a dà nù ní iye tí a lè san. Ìyá tí a dá padà lè má tún wá mọ́. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo ń bá àwọn tó kọ̀ láti ṣí i jà lórí èyí, n ó sì tún bá wọn jà lónìí. Ẹ lè fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún wọn pé ẹ ti pa ọjà tì wá, tàbí kí ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ ní èéyi ní ibùdó náà kí ẹ tó kúrò nílé. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀ ní ibùdó ìlera ìjọba. Ẹ má sanwó láti mú kí wọ́n ṣí ìgò.

Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ lè ní kí wọ́n fi ìgò hàn yín. Àmì róbótó kan wà lára rẹ̀ tó ní àwọ̀ bíi ti àlùkò, àmì onígun mẹ́rin kékeré sì wà láàárín rẹ̀. Bí onígun mẹ́rin náà bá mọ́lẹ̀ ju róbótó tó yí i ká lọ, ooru kò tíì bà á jẹ́. Bí àwọ̀ méjèèjì bá ti dọ́gba, tàbí tí ti àárín bá ti ṣú jù, wọn kò gbọ́dọ̀ fún ọmọ. Nínú òtútù tó wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó yẹ kí ó wà láti Ìlọrin títí dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ̀yin náà sì mọ bí iná mànàmáná ṣe rí. Kò sí nọ́ọ̀sì rere tí yóò bínú pé ìyá béèrè láti wò ó.

Ìyá Àdùkẹ́, Tánkẹ̀, Ìlọrin

Ẹ ṣeun púpọ̀, màmá, ẹ̀yin náà Àáfà. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi, wọ́n sì ti gbà pé kí á máa bá a lọ níbi tí a dé. Wọ́n wá rán mi létí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin ni, ó ti pé ọdún méjì. Mo yẹ káàdì rẹ̀ wò: ó gba ti oṣù kẹsàn-án, àyè ti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún sì ṣófo. Ṣé ó ti pẹ́ jù fún un? Ọ̀fìnkìn sì ń ṣe é díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Àjàsẹ́-Ìpo

Kò pẹ́ jù. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n kọ fún ọmọbìnrin yín kí ẹ tó gbé e lọ. Ẹ gbé e lọ ní ọjọ́ èéyi tó bá kọ́kọ́ dé ní ibùdó yín lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀fìnkìn lásán àti ibà díẹ̀ kì í dá abẹ́rẹ́ dúró. Àìsàn tó gbé ọmọ ṣánlẹ̀ ni a ń torí rẹ̀ sún un síwájú. Ẹ mú káàdì rẹ̀ dání, kí ẹ sì rí i dájú pé wọ́n kọ ọjọ́ sí àyè tó ṣófo náà kí ẹ tó kúrò níwájú wọn.